Àádọ́rùn-ún Dín Mẹ́jọ

Ní ọdún 1927, kíláàsì mẹ́ta ni Tíṣà Adéjùmọ̀ ń kọ́ nínú yàrá kan ṣoṣo ní ilé-ìwé ìjọ kan ní Ọ̀sì. Sítáńdáàdì Kẹrin kọjú sí fèrèsé, Ìkarùn-ún kọjú sí ẹnu ọ̀nà, Ìkẹfà, tí wọn ò ju mẹ́rin lọ, jókòó ti tábìlì rẹ̀. Bí ó bá ń kàwé fún àwọn kan, àwọn kan á máa ṣìṣirò, àwọn tó kù á máa pariwo. Ọdún kẹta rè é tí olùkọ́ kejì ti ṣàìsàn lọ sílé. Adéjùmọ̀ kọ lẹ́tà sí ìjọ títí ó fi sú u. Kó ṣe sùúrù ni èsì tí wọ́n ń fún un.

Ọmọ Òbò-Ilé ni. Ulé ni ìyá rẹ̀ ń pe ilé, uṣu ló ń pe iṣu. Ṣùgbọ́n ìwé tí ìjọ fi ránṣẹ́ kò mọ ulé, kò sì mọ uṣu. Nítorí náà, ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, á mú tàdáwà pupa, á fa ìlà sórí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ nínú àròkọ àwọn ọmọ, á kọ ti ìwé sókè rẹ̀.

Leah, ọmọbìnrin àgbẹ̀ kan ní Ìlọ́fà, wà lára àwọn mẹ́rin Sítáńdáàdì Kẹfà. Ní ọjọ́ kan ó gbé àròkọ rẹ̀ wá. Ìlà pupa mọ́kànlá ló wà níbẹ̀.

"Tíṣà, bí ìyá mi àgbà bá sọ ọ́, ṣé àṣìṣe ni?"

Adéjùmọ̀ gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Lẹ́nu, kì í ṣe àṣìṣe. Nínú ìwé ni."

Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé èsì náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ìṣirò pàápàá kò fún un nísinmi. Bí ó bá pe márùndínláàádọ́ta, àwọn kan á kọ 5, wọ́n á kọ 50 tì í, torí bí etí wọn ṣe gbọ́ ọ nìyẹn. Á nù ún, á tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ó fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa rò ó bí wọ́n ṣe ń rò ó nílé, bí ìdáhùn bá ṣáà ti jáde. Kì í ṣe ọgbọ́n kankan. Agbára láti dá wọn lẹ́kun ni kò ní mọ́.

Lẹ́yìn ìkórè iṣu ni alábẹ̀wò ilé-ìwé dé láti Ìlọrin. Ó ní kí Sítáńdáàdì Kẹfà ro márùndínláàádọ́ta pọ̀ mọ́ mẹ́tàdínlógójì. Àwọn yòókù kò tíì mú síléètì nígbà tí Leah dáhùn pé méjìlélọ́gọ́rin. Alábẹ̀wò ní kó wá kọ ọ́ sójú pátákó. Leah kọ 50 àti 40, ó kọ 90, ó yọ 5 àti 3 kúrò.

Alábẹ̀wò ní ìwé kankan kò kọ́ni bẹ́ẹ̀, ó sì bèèrè ẹni tó kọ́ ọ. Adéjùmọ̀ ì bá dákẹ́, ṣùgbọ́n ó dìde.

"Ó tọ̀nà, sà. Èmi ni mo gbà á láyè."

Alábẹ̀wò kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀.

Nígbà ìdánwò, Leah yege nínú ìṣirò, ó fìdí rẹmi nínú èdè Yorùbá. Bàbá rẹ̀ ní ó tó gẹ́ẹ́, ó mú un padà sí Ìlọ́fà. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ, lẹ́tà dé pé kí Adéjùmọ̀ lọ máa kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní A B D ní Èrúkù. Olùkọ́ méjì ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ní Ọ̀sì.

Ó di ẹrù rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ. Ọdún mẹ́sàn-án ló lò ní Èrúkù. Nígbà tí ẹnìkan bi í bóyá inú ń bí i sí alábẹ̀wò yẹn, ó ní ó ti rẹ òun kọjá ìyẹn. Nígbà tí ojú rẹ̀ kò ríran sí pátákó mọ́, ó fiṣẹ́ sílẹ̀, ó sì forí lé Òbò-Ilé.