Ohùn Ọkùnrin Nínú Yàrá Ọmọ Mi

Ohùn ọkùnrin ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ti lù, bàbá àwọn ọmọ ti lọ síbi iṣẹ́, èmi àti àkọ́bí mi obìnrin nìkan la wà nílé wa ní Ire-Akari. Ó ti parí ẹ̀kọ́ ní pólì, ó ní òun ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá. Ọkùnrin náà ní, "Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin olùgbọ́ wa." Ó dákẹ́. Ó tún un sọ. Nígbà tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, mo fi ìkòkò sílẹ̀ lórí iná, mo lọ ṣílẹ̀kùn.

Kò sí ọkùnrin kankan níbẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo wo abẹ́ ibùsùn. Ọmọ mi jókòó síwájú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ń wò mí.

"Màmá, ta lẹ̀ ń wá?"

"Ẹni tó ń kí wa káàárọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní iléeṣẹ́ rédíò kékeré kan wà ní ọ̀nà Apakun, òun sì ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan fún wọn. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni yóò máa to orin, ìpolówó àti ìkéde tẹ̀ lé ara wọn, tí yóò sì máa gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sáfẹ́fẹ́ ní àkókò rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnì kan jókòó tì í. Ohùn olóòtú wọn kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni òun fi ń dán an wò.

Mi ò gbà á gbọ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi yẹ aṣọ wò ní iléeṣẹ́ ìhunṣọ kan ní Ìsọlọ̀ kí wọ́n tó tì í pa. Iṣẹ́ mi ni kí n rí òwú tó já kí oníbàárà tó rí i. Ojú yẹn náà ni mo fi ń wo ọmọ mi. Ní àdúgbò wa, bí ọ̀dọ́ bá ti tilẹ̀kùn mọ́rí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, oníjìbìtì ni wọ́n ń pè é, ọlọ́pàá tó bá sì wá mú un kì í béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ra ìwé kan, mo ń kọ àkókò tó bá jáde àti àkókò tó bá wọlé sínú rẹ̀.

Ọkọ mi rí ìwé náà. "Ìyá àwọn ọmọ, ṣé o ti di sikiọ́rítì ni?"

"Ilé tí sikiọ́rítì bá sùn ni wọ́n ń jà lólè," mo dá a lóhùn.

Nígbà tó yá, ọ̀gá rédíò náà fúnra rẹ̀ wá sílé wa. Ẹ̀rín rẹ̀ ti pọ̀ jù fún mi. Kó tó jókòó ló ti ń pè mí ní "Màmá wa", bẹ́ẹ̀ ó ṣeé ṣe kó jù mí lọ. Ó ní kí ọmọ mi wá dán ètò náà wò ní iléeṣẹ́ àwọn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ní a jọ ń bọ̀ ni. Ọmọ mi fọwọ́ bojú.

"Màmá, èmi kì í ṣọmọ nọ́sìrì mọ́."

"Mo mọ̀. Ọmọ nọ́sìrì, tíṣà wà tó ń ṣọ́ ọ."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, a wọ kẹ̀kẹ́ lọ. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni iléeṣẹ́ náà wà, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta táyà. Ilẹ̀kùn méjì ni mo kà, ọ̀kan ló ní kọ́kọ́rọ́. Mo jókòó sítòsí èyí tí kò ní.

Akọ̀wé wọn, obìnrin kan tó lo awò ojú, ti tẹ orúkọ gbogbo ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ sínú ètò náà. Olóòtú ètò ìgbéyàwó ló wà lórí afẹ́fẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìmọ̀ràn àwọn àgbà nípa ọkọ." Kọ̀ǹpútà sì gbé e jáde:

"Ṣé ó ti gbó? Ṣé kì í tètè dáhùn mọ́ láàárọ̀? Má wulẹ̀ dara ẹ láàmú! Gbé e wá, a ó gbà á lọ́wọ́ rẹ, wàá sì mú tuntun lọ sílé!"

Ìpolówó àwọn tó ń ta ọkọ̀ ni. Kí wọ́n tó rí i dá dúró, ó ti tán. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Obìnrin àkọ́kọ́ tó pè ní, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo gan-an la máa gbé tiwa wá?"

Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ṣọ́ọ̀ṣì ló ni ètò yẹn o!" Ó kọjú sí ọmọ mi. "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló rán ọ sí mi?"

Ara mi gbóná. Mo rò pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, kí wọ́n lè gba ètò náà kí wọ́n sì lé ọmọ mi lọ. Mo ní kí wọ́n fi ohun tí akọ̀wé tẹ̀ hàn mí. Mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn: oko, oko, oko.

"Ẹ wá wò ó! Èwo ni ọkọ tá a fẹ́, èwo ni ọkọ̀ tá à ń wọ̀, èwo ni oko tá à ń ro? Ta ló kọ irú èyí?"

"Ẹ má bínú, mà," akọ̀wé ní. "Mo fi àmì sí i." Ó ṣí ìwé tó ti kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́. Òótọ́ ni. Àmì ìsàlẹ̀, àmì òkè, gbogbo rẹ̀ pé. Ètò ọmọ mi ló gbé wọn mì.

Mo fẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ ọmọ mi lábẹ́ tábìlì pé kó dákẹ́, kí ẹ̀bi wà lọ́rùn akọ̀wé. Mo mọ̀ pé kò dáa, mo sì ṣe é. Ó yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, àṣìṣe mi ni. Ètò mi ló ń jẹ àmì. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì."

Orí tábìlì tá a ti ń jẹun ni ọ̀sẹ̀ méjì náà ti lọ. Èmi ń pe ọ̀rọ̀, òun ń tẹ̀ ẹ́: ogun, ogún, Ògún, owó, òwò, ọ̀wọ̀. Bàbá rẹ̀ náà ń wá tirẹ̀ sọ tó bá ti dé láti ibi iṣẹ́. Nígbà tá a padà lọ, ọ̀rọ̀ kan kò ṣì mọ́.

Ìgbà náà ni ọ̀gá gbé ìwé àdéhùn wá sílé wa, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lú ìwé atúmọ̀-èdè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìlà keje ní gbogbo ètò tí ọmọ mi bá ṣe, àti èyí tó ti ṣe sẹ́yìn, iléeṣẹ́ rédíò ló ni ín.

"Sà, sẹ́yìn dé ibo?"

"Hàà, Màmá wa! Ọ̀rọ̀ àwọn lọ́yà nìyẹn. Kò túmọ̀ sí nǹkan kan."

"Bí kò bá túmọ̀ sí nǹkan kan, ẹ jẹ́ ká fagi lé e."

Ọ̀gá wo ọmọ mi. Èmi náà wò ó. Mi ò fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ọmọ mi fa bírò yọ, ó sì fagi lé ìlà keje fúnra rẹ̀. Ọ̀gá gba bírò náà, ó fọwọ́ sí i. Ètò náà di tiwa báyẹn, rédíò náà sì di oníbàárà wa àkọ́kọ́.

Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ó fẹ́ rẹ́ wa jẹ ni tàbí kò tiẹ̀ ka ìwé náà. Nígbà tó lọ tán, mo tún un kà lẹ́ẹ̀kẹrin, mo sì yí i padà wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí ohun kankan níbẹ̀.