GPS tó ń sáré nígbà tí ọkọ̀ wa dúró sójú kan

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ohun tójú mi rí ní Ìkẹjà lọ́sẹ̀ tó kọjá, mi ò lè dá a gbé. Ẹ lè fi mí rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n ẹ má bú mi. Màámi ti bú mi tó.

Dàpọ̀ lorúkọ mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé girama ni. Mò ń retí ìdánwò yunifásítì, ìdánwò náà ń retí mi, kò sẹ́ni tó ń kánjú nínú àwa méjèèjì. Nílé wa l'Ágége, Engineer ni wọ́n ń pè mí, torí mo tún rédíò Màámi ṣe nígbà kan. Láti ìgbà náà, rédíò ọ̀hún ò sọ̀rọ̀ mọ́. Orúkọ yẹn ló ṣẹ́kù.

Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Ṣẹ́gun, búrẹ́dì ló ń kó. Láàárọ̀, á kó o nílé búrẹ́dì l'Ágége, á fi bọ́ọ̀sì ẹ̀ já díẹ̀ fáwọn tó ń tà á lẹ́yìn ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà, á wá gbé ìyókù dé etí ọ̀sà. Ó ní ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tó ní ẹ́ńjìnnì níbẹ̀. Òun ló fi ń gbé e lọ fáwọn ará abúlé tó wà lódìkejì omi.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, kùrukùru bo gbogbo omi. Bọ̀ọ̀dá ò rí iwájú, kò rí ẹ̀yìn. Ó ń yí po, ó ń yí po, títí epo fi tán. Àwọn apẹja ló padà fà á dé èbúté. Ṣé kò ní fóònù ni? Ó ní in o! Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ò sí láàárín omi. Nígbà tó wá na fóònù sókè pé bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì á wọlé, fóònù já bọ́, ó di ti ẹja.

Bí ọyẹ́ ṣe tún bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ báyìí, Màámi dúró sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní tí Bọ̀ọ̀dá ò bá ní ohun tó máa fọ̀nà hàn án, kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan omi lọ́jọ́ Ajé. "Mi ò bímọ fún ẹja," báyìí ni wọ́n wí.

Bọ̀ọ̀dá gbà. Ó ní GPS kan ṣoṣo lòun máa rà, èyí tóun lè dì mọ́wọ́, tó máa mọ títì, tó sì máa mọ ọ̀nà ilé lórí omi. Ta ni wọ́n wá ní kó bá a yàn án? Engineer ni o!

Kí n tó sọ bó ṣe lọ, ẹ jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Mo ti ra fóònù rí ní ọjà àwọn ẹlẹ́rọ ní Ìkẹjà. Ẹni tó tà á fún mi ní ká jáde síta kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè wọlé dáadáa. A jáde, mo rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó dá a padà sínú páálí, mo gbé e délé tayọ̀tayọ̀. Táìlì ni mo bá níbẹ̀! Táìlì balùwẹ̀, wọ́n gé e bọ́rọ́bọ́rọ́. Ìtìjú ibẹ̀ ni pé mo kọ́kọ́ wá ibi tí wọ́n ti ń ki ṣájà bọ̀ ọ́.

Torí náà mo ṣòfin: ọjà ò gbọdọ̀ jáde nínú ṣọ́ọ̀bù kó tó di tèmi. Mo ka òfin yìí fún Bọ̀ọ̀dá nínú bọ́ọ̀sì. Ó mi orí.

Àǹtí kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lábẹ́ àtẹ̀gùn la kọ́kọ́ bá. Kò kí wa púpọ̀. Bí Bọ̀ọ̀dá ṣe sọ ohun tó fẹ́ lò ó fún tán, ó bi í bóyá ọkọ̀ omi ẹ̀ ní ìbòrí. Bọ̀ọ̀dá ní kò ní. Àǹtí bá gbé ọ̀kan tójú ẹ̀ fẹ̀ tó ń dán kúrò níwájú wa. Ó ní títì nìkan nìyẹn dáa fún, pé tómi bá ta sí i lára, ó parí, àti pé bí kò bá sí lára ọkọ̀, bátìrì ẹ̀ kì í pẹ́ kú. Ó gbé òmíràn, ó ní ìyẹn mọ omi, àmọ́ tó bá dé Ìkẹjà, á dà bíi pé inú pápá lo wà. Ó wá gbé ẹ̀kẹta wá. Ó ki pọ́pọ́ bí ọṣẹ ìfọṣọ, bọ́tìnnì ló ní lára, bátìrì aago ara ògiri ló sì ń lò. Ó ní wọ́n ti kó máàpù títì sí i. Lórí omi, á máa sàmì síbi tó o gbà lọ, á sì mú ọ gba ibẹ̀ padà. Tó bá já bọ́ sómi, á léfòó.

Mo tàn án. Ó ní òun ń wá sátẹ́láìtì. Ó ń wá a. Ó ń wá a. Mo wo Bọ̀ọ̀dá, Bọ̀ọ̀dá wò mí.

Àǹtí ní ká gbé e síta, pé ojú ọ̀run ló fẹ́ rí.

Síta kẹ̀! Ẹ̀yin ará mi, mo rí táìlì yẹn lójú ara mi! Mo ní rárá. Àǹtí ní kí èmi wá gbé e síta fúnra mi, kí n fi fóònù mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Háà! Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Á gba fóònù lọ́wọ́ mi, àwọn èèyàn ẹ̀ tó wà níta á gba ìyókù. Mo fa Bọ̀ọ̀dá láṣọ. Àǹtí kàn pòṣé, ó ní: "Ẹ máa lọ. Ẹni tí kò fọkàn tán mi, èmi náà ò fọkàn tán an."

Mo ní ṣé ẹ rí i? Olè ló ń sọ bẹ́ẹ̀!

Ṣọ́ọ̀bù kejì ní AC. Ọ̀gbẹ́ni kan tó lọ́fínńdà lára fún wa ní ohun mímu tútù, ó ń pe Bọ̀ọ̀dá Ṣẹ́gun ní Alága, ó pe èmi náà ní Ọ̀gá. Èmi! Ó tan GPS tiẹ̀ níbi tá a jókòó sí, wéré, máàpù yọ! Ọfà ń lọ lórí títì, obìnrin kan ń fi òyìnbó sọ pé ká yà sósì. Bọ̀ọ̀dá béèrè nípa omi. Ó ní omi kékeré ni, Alága, ó mọ omi dé òkun. Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà nígun ojú ẹ̀, Demo. Mo rí i. Mo mi orí bí ẹni tó yé.

Mo sọ fún Bọ̀ọ̀dá pé kó sanwó. Ẹ wá wo bí mo ṣe ń ṣọ́ ọwọ́ ọ̀gbẹ́ni yẹn! Mi ò jẹ́ kó fọwọ́ kan páálí. Èmi ni mo dì í, mo gbá a mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. Kò sẹ́ni tó pààrọ̀ ẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo ń fò.

Bá a ṣe ń padà s'Ágége, ojú irin dí wa lọ́nà, ọkọ̀ ojú irin ń kọjá. Bọ̀ọ̀dá paná ẹ́ńjìnnì. Mo gbé GPS síwájú ọkọ̀ ká lè jẹ̀gbádùn. Ọfà bẹ̀rẹ̀ sí sáré! Ó yà sọ́tùn-ún, ó gun afárá, ó fò kọjá. Obìnrin yẹn ní ká yà sósì. Òsì wo? Ọkọ̀ ojú irin ló wà lósì! Mo wo orúkọ títì tó wà lórí ẹ̀, ìlú òyìnbó ni. Ó wá kí wa kú oríire, ó ní a ti débi tá à ń lọ.

"Dàpọ̀, ibo la dé?"

Mo ní bóyá kò tíì mọ̀ pé a ti dúró ni.

Bọ̀ọ̀dá ò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó kàn na ìka sójú GPS, ó ní: "Ká ní orí omi ni ńkọ́?"

Mo paná GPS. Engineer!

A yí padà. Ọ̀gbẹ́ni olóòórùn dídùn ò pe ẹnikẹ́ni ní Alága mọ́. Ó ní ohun tí Demo túmọ̀ sí nìyẹn, àwòrán lásán tí wọ́n fi ń hàn nínú ṣọ́ọ̀bù, pé kò sí GPS tó ń rí sátẹ́láìtì lábẹ́ òrùlé, pé ṣé a ní kóun gbé e síta ni? Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá gbájúẹ̀ ni àbí ó kàn rí mi pé mo gọ̀. Ó ṣáà ní ọjà tó bá ti jáde ò padà.

Bọ̀ọ̀dá ní kò burú. Ó lọ páàkì bọ́ọ̀sì búrẹ́dì sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù gan-an, ó ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí ta ìyókù búrẹ́dì. Àwọn èèyàn tò. Kò sí oníbàárà tó lè wọ ṣọ́ọ̀bù mọ́. Búrẹ́dì ò tíì tán tówó wa fi jáde.

Ó wá ku Àǹtí abẹ́ àtẹ̀gùn. Mo dọ̀bálẹ̀ látẹnu ọ̀nà. Ó wò mí, ó ní: "Fóònù ẹ ńkọ́?" Mo fi sílẹ̀. Ó ní kí n bọ́ bàtà kan pẹ̀lú, pé òun mọ bí àwọn ọmọ Agége ṣe ń sáré. Mo bọ́ ọ!

Báyìí ni mo ṣe dúró létí títì, ẹsẹ̀ kan lásán, mo gbé GPS sókè ọ̀run bíi wòlíì lórí òkè. Àwọn ọlọ́kadà ń kígbe pé kí n gbàdúrà fáwọn náà. Ó pẹ́ díẹ̀, mo sì ti ń dá ara mi lẹ́bi, kó tó gbé orúkọ títì tá a wà gan-an jáde. Bọ̀ọ̀dá gbé e rìn wọ àwọn kọ̀rọ̀ kan, ó ní kó mú òun padà, ó sì tẹ̀ lé e padà dé ẹsẹ̀ mi. Àǹtí gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi wá. Bọ̀ọ̀dá jù ú sí i. Ó léfòó, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Bọ̀ọ̀dá sanwó.

Lọ́jọ́ Ajé, kùrukùru tún dì. Bọ̀ọ̀dá so ó mọ́rùn, Màámi gbàdúrà lé e lórí, ó lọ. Mi ò lè jẹun. Tó bá sọnù lónìí, èmi ni mo yàn án. Gbogbo bọ́ọ̀sì tó bá fọn fèrè, mo ti dé ẹnu ọ̀nà.

Ìrọ̀lẹ́ ló wọlé, eruku ọyẹ́ funfun lójú ẹ̀. Ó ní nígbà tóun ń bọ̀, òun ò rí imú ọkọ̀ òun, pé ilà tó fà nígbà tóun ń lọ lòun ń tẹ̀ lé títí òun fi gbúròó èbúté. Màámi wọ ilé ìdáná. Wọ́n bu oúnjẹ fún un, wọ́n wá bu tèmi náà, ẹran méjì.

Ohun tí mo kọ́ ni pé ìfura dáa, àmọ́ kó ní ojú. Èmi ń ṣọ́ ọwọ́ ẹni tó ń tajà, mi ò wo ọjà. Ohun tó bá ń dáhùn kó o tó bi í, tún bi í!

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ rà tó ń jó nínú ṣọ́ọ̀bù, tó wá yarọ nílé? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ká jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kẹ́nikẹ́ni má bi mí léèrè fóònù táìlì yẹn o. Màámi ń gbé ìkòkò gbígbóná lé e.