Ìwé Ìbéèrè Tí Màmá Mi Fi "Rárá" Kún

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa oògùn jẹjẹrẹ sí màmá mi lára, èmi ni mò ń ti Ìbàdàn wá sí Ìkẹ́rẹ́ láti gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì ni màmá mi, ẹnu wọn sì mú bí abẹ.

Kí a tó rí dókítà, nọ́ọ̀sì kan a máa fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní ìwé ìbéèrè, kí ó fúnra rẹ̀ sàmì sí bí ara ṣe rí lọ́sẹ̀ náà. "Ǹjẹ́ èébì gbé ọ? Ǹjẹ́ ó rẹ̀ ọ́?" Rárá, díẹ̀, tàbí púpọ̀.

Màmá mi wo ìwé náà tìkà-tẹ̀gbin. "Ta ni wọ́n ń pè ní 'ọ' yìí? Èmi àti wọn jọ ṣeré rí ni?" Ni wọ́n bá sàmì sí "rárá" láti òkè délẹ̀.

"Màmá, ẹ ò rí oúnjẹ jẹ láti àná. Orí àga lẹ sùn."

"Ṣé kí n wá fọwọ́ ara mi kọ àìsàn mọ́ ara mi lórí? Bí wọ́n bá béèrè àlàáfíà ẹni, 'a dúpẹ́' là ń sọ."

Inú dókítà dùn nígbà tó ka ìwé náà. "Màmá, oògùn yìí bá yín lára mu o! Kò sí èébì rárá..."

Kò tíì pa ẹnu dé tí màmá mi fi gbé garawa ìdalẹ̀sí tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì bì sínú rẹ̀ tọkàntọkàn. Wọ́n nu ẹnu, wọ́n tún gèlè ṣe.

"Ẹ má dá ìyẹn lóhùn," ni wọ́n wí. "Kò sí nínú ìwé."

Nọ́ọ̀sì sáré jáde lọ rẹ́rìn-ín. Dókítà náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn tó ti yẹ bàtà rẹ̀ wò.

Nígbà tí a jáde, nọ́ọ̀sì wá jókòó tì wá. Ó ní ọ̀pọ̀ aláìsàn ló ń kọ "rárá" báyìí. "Màmá, báwo ni ká ṣe béèrè tí ẹ ó fi sọ òótọ́?"

"Ẹ má bi mí bóyá ara mi le. Ẹ bi mí ní ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ulé mi. Kí ni mo jẹ lánàá? Ṣé ó dúró nínú?"

Nígbà tí a padà lọ, ìwé ti yí padà. "Ẹ jọ̀wọ́, oúnjẹ wo lẹ rí jẹ lánàá? Iṣẹ́ ilé wo lẹ bẹ̀rẹ̀ tí ẹ ò lè parí?" Màmá mi kọ ọ́ títí ó fi kún, wọ́n tún yí i sẹ́yìn. Wọ́n fi ẹjọ́ mi sùn níbẹ̀ pé ọbẹ̀ tí mò ń sè ń dá kún èébì. Dókítà kà á sókè sí mi létí, ó sì pààrọ̀ oògùn èébì wọn. Lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n jẹ iyán. Mo lọ dúró sẹ́yìnkùlé díẹ̀ kí wọ́n má bàa rí ojú mi.

Wàhálà tó kù báyìí ni pé wọn kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn sinmi. Bàbá àgbẹ̀ kan jókòó tì wá níjọ́ kan, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tiwọn pé àwọn ń sùn dáadáa. Màmá mi ti yọjú wo ìwé ẹni ẹlẹ́ni.

"Ẹ̀yin tí ẹ ti ń tòògbé lé mi léjìká láti àárọ̀? Ẹ pa á rẹ́!"

Bàbá wo ojú mi bóyá mo lè gbà wọ́n sílẹ̀. Mo yíjú sí fèrèsé.