Géètì Tí Mo Tì Mọ́ Bọ́bì Lórí

Ẹ kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín kí ẹ tó bú mi, torí ohun tí mo fẹ́ rò fún yín lónìí, ojú ń tì mí láti sọ ọ́.

Ọ̀dọ̀ Ṣọlá, ọmọ àbúrò mi tó ń pè mí ní Dádì àgbà, ni mò ń gbé nínú ẹsíteètì kan ní Àjáh. Lọ́dún tó kọjá, ó ra ọmọ ajá kan, ó sọ ọ́ ní Bọ́bì. Ajá tí kò tóbi ju bàtà mi lọ! Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ajá ti ń bà mí láti kékeré.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, mo ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Ẹ mọ̀ pé àwa aláṣọ funfun kì í wọ bàtà bí sùtánà bá ti wà lọ́rùn. Bí mo ṣe wọ ọgbà ilé wa, Bọ́bì rí etí sùtánà mi tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ló bá sáré tọ̀ mí wá. Mo wo ìka ẹsẹ̀ mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá níta gbangba. Mo fò padà síta, mo sì fa géètì irin gbàà! Orí rẹ̀ ló bà.

Ó dákú díẹ̀, ó jí. Kò sí ẹ̀jẹ̀. Ta ló rí mi? Kò sẹ́nì kankan. Mo panu mọ́.

Nígbà tó dàgbà, Bọ́bì bẹ̀rẹ̀ sí í forí sọ ògiri lápá ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ mọ́ kedere o! A gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran ní Lẹ́kkí Phase 1. Dókítà bi wá bóyá nǹkan gbá a lórí rí nígbà tó kéré. Ṣọlá ní rárá, pé Dádì àgbà ló máa ń wà nílé tì í. Dádì àgbà ń wo àjà.

Dókítà ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, àfàìmọ̀ kí nǹkan má máa hù nínú ọpọlọ rẹ̀, pé ó lè gba abẹ́rẹ́ tí yóò fi sùn lọ tí kò ní jí mọ́, kó má baà jìyà. Ṣọlá bú sẹ́kún. Bọ́bì ń lá ẹsẹ̀ mi.

"Èmi ni," mo ní. "Mo ti géètì mọ́ ọn lórí."

Wọ́n ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀: àpá àtijọ́ ni, nǹkan kan ò hù. Dókítà ṣàlàyé pé ibi tó ń gba iṣẹ́ tí ojú ń rán nínú ọpọlọ ni géètì bà jẹ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tín-ín-tín lẹ́yìn ẹyinjú, tó ń kó ohun tí ojú rí lọ sí ọpọlọ, wá dà bí ẹni tó ń pe fóònù tẹ́nì kankan ò gbé. Púpọ̀ nínú wọn kú díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ torí pé ọmọdé ni Bọ́bì nígbà náà, àwọn kan wá ọ̀nà míì gbà, ló ṣe ṣì ń rí fìrífìrí lápá ibẹ̀.

Nígbà tí a kọjá ẹsíteètì VGC lọ́nà ilé, Ṣọlá yíjú sí mi. Ó wá ní: "Dádì àgbà, ajá tí ò tó odindi búrẹ́dì lẹ sá fún?"

Ní báyìí, apá òsì ni mo máa ń gbà gbé oúnjẹ fún un, kó lè tètè rí mi. Bí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó ṣì ń sáré wá lá ẹsẹ̀ mi. N kì í sá mọ́. Ṣùgbọ́n èmi tí ojú mi pé yìí, èmi ni n kò lè wo ojú rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá ṣàṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́. Díẹ̀ ló kù kí ìdákẹ́jẹ́ mi pa ajá tí géètì mi ò pa. Ẹ̀yin ńkọ́, kí ni ìbẹ̀rù ti mú yín ṣe rí tí ẹ gbé pamọ́? Ẹ kọ ọ́ síbí, ẹ jọ̀ọ́, kí ojú má ti èmi nìkan!