Ohun Tó Ń Kùn Nínú Táyà Iwájú

Fà-á-wò ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé orúkọ náà kò bá a mu. Àgádágodo àti kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ló ń tún ṣe, nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan tó há sáàárín ilé aránṣọ àti ilé ayàwòrán. Bó bá tún àgádágodo ṣe tán, á tì í, á fà á wò, á tún un fà wò, lẹ́yìn náà ni yóò ní kí ẹni tó ni ín náà fà á wò. Ìyẹn dára fún iṣẹ́ rẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò mọ ibi tí iṣẹ́ ti parí. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ti ilẹ̀kùn, á dìde lọ fà á wò. Bí ẹlòmíì bá ti ẹnu ẹ̀rọ omi, òun náà á lọ fi kún un títí ẹ̀rọ á fi ké. Bí káfíńtà bá kan tábìlì fún un, káfíńtà ò ní tíì dé ilé tí Fà-á-wò á fi bẹ́ sábẹ́ tábìlì, kó máa fún gbogbo ìdè ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ìfura loògùn àgbà," ni yóò wí.

"Òótọ́ ni," ìyàwó rẹ̀ á dá a lóhùn, "àmọ́ ẹni tó ń mu oògùn láìṣàìsàn, oògùn náà ló máa dá a dùbúlẹ̀."

Ohun méjì ni ọkùnrin yìí fẹ́ràn dénúdénú láyé: ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, àti mọ́tò sípọ́ọ̀tì àtijọ́ kan tó rà lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ìjókòó méjì péré ló ní, pupa rẹ̀ ti ń ṣá, ó sì sún mọ́lẹ̀ débi pé àgbàlagbà tó bá fẹ́ jáde níbẹ̀ á kọ́kọ́ pe ìyá rẹ̀. Orí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ nínú mọ́tò yìí lọmọ náà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ọwọ́ ọkọ̀ mú. Ó ti di nọ́ọ̀sì báyìí, ó ti ríṣẹ́ sí ìlú kan tó jìnnà, bàbá rẹ̀ sì ti ṣèlérí pé mọ́tò náà ni yóò gbé lọ.

Ó ku díẹ̀ kó gbéra ni táyà iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Bí mọ́tò bá ń rọra lọ, kò ní sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bó bá ti sáré díẹ̀ báyìí, á máa hùn bí ológbò tí wọ́n fẹ́ gba ẹran lẹ́nu rẹ̀. Bíárìn ló ti jẹ, ìyẹn àwọn irin kéékèèké inú òrùka tí táyà ń yí lé lórí. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárín àkókò tí kò pẹ́. Àbúrò Fà-á-wò, mẹkáníìkì, ẹni tí òun àtirẹ̀ jọ mu ọmú kan náà, ló sì pààrọ̀ rẹ̀ nígbà méjèèjì tó ti kọjá.

Fà-á-wò jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń rò ó. Bíárìn tuntun kì í kú bẹ́ẹ̀. Àfi tí kì í bá ṣe tuntun. Àfi tó bá jẹ́ àlòkù tí ẹnì kan fi bẹntiróòlù fọ̀, tó wé sínú bébà tó ń dán. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ó sì rántí pé nígbà kejì, àbúrò rẹ̀ wò ó tìtì, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ ò kúkú fọwọ́ kàn án lẹ́yìn tí mo ṣe é tán?" Inú bí i nígbà yẹn débi pé wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́, àfìgbà tí ìyá wọn pe àwọn méjèèjì jókòó. Ní báyìí, ìbéèrè yẹn wá dà bíi ti olè tó ń béèrè pé ta ló ṣí fèrèsé. Bó bá jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló ń wa mọ́tò náà, ì bá gbójú fò ó. Ọmọ rẹ̀ ni. Táyà tó bá dì lójijì lórí eré, mọ́tò á takìtì. Ó búra nínú ara rẹ̀ pé bí ọwọ́ òun bá tẹ àbúrò òun lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ọmọ ìyá kankan mọ́, ìyá àwọn gan-an kò ní lè so ó pọ̀.

Nítorí náà, òun fúnra rẹ̀ ló lọ ra bíárìn, ní òdìkejì ìlú, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ àbúrò rẹ̀. Ó fi ayùn kékeré tó fi ń gé kọ́kọ́rọ́ sàmì sí ara wọn, ó wá gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sínú mọ́tò náà, ó wà á lọ sí ibi iṣẹ́ àbúrò rẹ̀.

Abẹ́ páànù gbígbòòrò kan ni ibẹ̀, òróró ti sọ ilẹ̀ rẹ̀ di dúdú, táyà ògbólógbòó sì wà ní òkìtì òkìtì. Àbúrò rẹ̀ ń kọrin bó ṣe ń nu ọwọ́.

"Bọ̀dá, ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó síbí, kí òróró má ta sí yín láṣọ."

"Ibi tí mo ti lè ríran ni mo fẹ́ jókòó sí," ni Fà-á-wò wí. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tó ń kọrin, kí ló ń fi orin bò?

Àbúrò rẹ̀ mú fóònù rẹ̀, ó bọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kan, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Fà-á-wò na etí rẹ̀ títí. Ohun tó gbọ́ kò ju "Tètè máa bọ̀, má sì sọ fún un o" lọ. Ó tó.

Mẹkáníìkì fi jáàkì gbé iwájú mọ́tò sókè, ó di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ó mì ín, táyà sì ń ró kọ̀kọ̀. Ó tú táyà, ó tú bíréèkì, ó fi wáyà so ó kọ́ kí rọ́bà ibẹ̀ má baà já. Ó gbá ìdérí kékeré tó wà láàárín kúrò. Nọ́ọ̀tì tó di bíárìn mú wà lábẹ́ rẹ̀, pín-ìnnì tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì gún un kọjá kó má baà tú fúnra rẹ̀. Ó yọ pín-ìnnì náà, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, orin dá lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wá fi pín-ìnnì náà sínú àpò àyà rẹ̀.

"Kí lo fi sápò yẹn?"

"Pín-ìnnì ni, Bọ̀dá."

"Ti mọ́tò mi?"

"Ti mọ́tò yín ni. Ẹ ṣe sùúrù fún mi."

Sùúrù kẹ̀! Fà-á-wò fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ ọn. Bíárìn tó jáde ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí irin tó sùn sínú iná, gíríìsì ara rẹ̀ sì ti gbẹ di èépá dúdú. "Ó jóná ni," mẹkáníìkì wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó fi òòlù yọ àwọn òrùka àtijọ́, ó fọ inú ibẹ̀ mọ́, ó kan òrùka tuntun wọlé. Ó bu gíríìsì sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń ti bíárìn mọ́ ọn títí gíríìsì fi yọ láàárín gbogbo irin rẹ̀. Fà-á-wò rí àmì rẹ̀ lára wọn kedere. Títí débẹ̀, kò rí ẹ̀sùn kankan kà sí i lọ́rùn, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn ún.

Ìgbà yẹn ni mẹkáníìkì fi sípánà fún nọ́ọ̀tì náà, ó ń fún un, ó ń yí ibi tí táyà ń jókòó sí. Lẹ́yìn náà ló dẹ̀ ẹ́. Ó dẹ̀ ẹ́ pátápátá, ó fi ìka lásán dá a padà, ó gún pín-ìnnì tuntun sí i, ó ya ẹnu rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ó dé e. Ohun kan náà ló ṣe ní ẹ̀gbẹ́ kejì. "Ó ti dé," Fà-á-wò sọ nínú ara rẹ̀. "Nọ́ọ̀tì ló ń dẹ̀ sílẹ̀!"

Mẹkáníìkì lọ fọ ọwọ́ níta. Kíá ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dìde. Ó di ibi tí táyà ń jókòó sí mú, ó fà á wò: ó mì, bíńtín. Ó mú sípánà tirẹ̀ jáde lápò, ó ṣí ìdérí, ó yọ pín-ìnnì, ó sì fún nọ́ọ̀tì náà mọ́lẹ̀ títí ẹ̀mí fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe nígbà àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ló ṣe nígbà kejì, nígbà tó gbé mọ́tò délé. Kò sọ fún ẹnì kankan torí kò kà á sí nǹkan kan. Ta ló ń ròyìn pé òun fa ilẹ̀kùn wò? Ó dá pín-ìnnì padà, ó sì ká ẹnu rẹ̀ róbótó bó ṣe máa ń ká wáyà inú àgádágodo.

"Dádì, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?"

Ọmọ rẹ̀ ló dúró lẹ́yìn rẹ̀ yẹn, báàgì lọ́rùn. Mẹkáníìkì dúró ti ọmọ náà, ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wá wo iṣẹ́ àbúrò bàbá rẹ!" ni Fà-á-wò kígbe. "Ó dẹ nọ́ọ̀tì sílẹ̀! Ká ní mi ò sí níbí ńkọ́?"

Mẹkáníìkì kò jà. Ó yọ pín-ìnnì tó wà lápò rẹ̀, ó fi lé ọmọ náà lọ́wọ́, ó sì nàka sí èyí tó wà lára mọ́tò. Ẹnu pín-ìnnì méjèèjì ká bí ìrù ọ̀gà.

"Ta lo mọ̀ tó ń ká wáyà báyìí?" ló bi ọmọ náà.

Ọmọ náà gbé pín-ìnnì náà sún mọ́ ojú. Láti kékeré ló ti ń rí i nínú gbogbo àgádágodo ilé wọn. "Dádì, ọwọ́ yín rèé."

"Bí bíárìn yìí bá gbóná, irin ẹ̀ máa ń wú," ni mẹkáníìkì wí. "Bí ò bá ráyè, á jó ara ẹ̀. Àyè díẹ̀ yẹn ni mò ń fi sílẹ̀, ẹ̀yin lẹ ń gbà á padà."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Mo bi yín, Bọ̀dá, ẹ sì bínú sí mi títí ìyá wa fi sunkún. Ta ni mo jẹ́ tí màá tún ní ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́? Mo ní kí n kúkú máa pààrọ̀ ẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọmọ yìí ló ń gbé e lọ. Òun ni mo pè."

Ojú ti Fà-á-wò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á ju bí ojú ṣe tì í lọ, torí ó rí ọ̀nà jíjìn náà, ó rí ọmọ rẹ̀ lórí eré, ó sì rí táyà tó dì. Látọjọ́ yìí ló ti ń wá ọwọ́ tó fẹ́ pa ọmọ rẹ̀, kó tó rí i pé inú agbádá ara òun lọwọ́ ọ̀hún wà.

"Tún un ṣe," ló wí, ó sì kọ ẹ̀yìn síbẹ̀. Ó gbọ́ bí sípánà ṣe ń ró. Kò wò ó.

"Bọ̀dá, ẹ wá fà á wò."

"Mi ò fà mọ́."

"Ẹ fà á. Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ fà á."

Àbúrò rẹ̀ mú ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e lé ibi tí táyà ń jókòó sí. Ó fà á. Ó mì bíńtín, ohun tó jẹ́ pé alágádágodo nìkan ló lè mọ̀ ọ́n. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, bí nǹkan bá mì báyìí, iṣẹ́ ẹnì kan ni kò dáa. Ọwọ́ rẹ̀ ń yún un.

"Bó ṣe yẹ kó rí rèé?"

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, Bọ̀dá."

Fà-á-wò mí kanlẹ̀. Ó na sípánà rẹ̀ sí ọmọ rẹ̀, ó ní, "Gbà á lọ́wọ́ mi. Mo mọ ara mi."

Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó gba sípánà, ó jù ú sínú báàgì, ó fa síìpù rẹ̀ pa, ó sì fà á wò.