Ẹ́límẹ́ẹ̀tì Tó Ti Ìlú Yìnyín Wá

Ọmọkùnrin méjì ni mo bí fún ọkọ mi kí ọlọ́jọ́ tó dé bá a. Ẹ̀gbọ́n wà ní Kánádà, àbúrò wà lọ́dọ̀ mi níbí ní Ẹdẹ, ó ń gun ọ̀kadà. Mo mọ orúkọ gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, títí dé orúkọ àwọn ọmọ wọn, ṣùgbọ́n n kò ní kọ ọ̀kan síbí. Ìyàwó ilé kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ. Èyí tí mo sì bí fúnra mi, láti ọjọ́ tó ti lọ, ẹnu mi kò tíì lè gbé orúkọ rẹ̀. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà kí wọ́n tó mú mi lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ, nítorí náà bí mo bá ṣe lè sọ ọ́ ni kí ẹ ṣe gbà á.

Iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n ń ṣe ní Kánádà, orí òkè kan ni. Yìnyín ló bo òkè náà. Àwọn òyìnbó á gòkè lọ, wọ́n á de ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ pákó kan ṣoṣo, wọ́n á wá máa yọ̀ bọ̀ nísàlẹ̀ bí ọmọdé ṣe ń yọ̀ lórí ẹrẹ̀. Tiẹ̀ ni kó máa fún wọn ní ohun tí wọ́n máa wọ̀ kí wọ́n má fara pa: ẹ́límẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń dé sórí, ìbọ̀wọ́, ohun tí wọ́n ń so mọ́ orúnkún àti ọrùn ọwọ́. Nígbà tó yá, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ó fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́, àbúrò sì gbé fóònù wá bá mi nídìí máṣíìnì.

"Ta nìyí?" ni mo bi í. Orí dúdú ni mo rí, àti awò ńlá tó bo ojú.

"Màmá, ọmọ yín nìyẹn! Ẹ ò wá mọ ọmọ yín mọ́?"

"Kí ló wá lọ sórí òkè yìnyín? Kò síṣẹ́ nílẹ̀ ni?"

"Eré ni wọ́n ń ṣe. Owó ni wọ́n ń san kí wọ́n tó ṣubú."

"Owó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni o. Àwa níbí, ọ̀fẹ́ là ń ṣubú ní tiwa."

Nínú fídíò náà, ẹ̀gbọ́n ṣubú lóòótọ́, ó fi orí sọlẹ̀. Mo pariwo. Ó dìde, ó fi ìkúùkù kan ẹ́límẹ́ẹ̀tì tó dé sórí, kó, kó, kó, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó wálé fún ọdún Iléyá, ohun tó kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ ni pé, "Ẹ́límẹ́ẹ̀tì rẹ dà?"

"Adìẹ Màmá ń yé sínú rẹ̀."

Kò parọ́. Èyí tí wọ́n tà mọ́ ọ̀kadà fún un ti sán, àgbébọ̀ mi kan sì ti sọ ọ́ di ìtẹ́ lẹ́yìn ilé. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí tí omi fi bọ́ lójú wọn. Ẹ̀gbọ́n wá wọlé, ó mú tirẹ̀ jáde láti inú àpótí. Dúdú ni, ó ní ilà aláwọ̀ ewé, aṣọ tó nípọn bo ibi etí méjèèjì nítorí òtútù ibẹ̀. Ó fi awò ńlá yẹn kún un.

"Ti yìnyín ni o," ó wí, "kì í ṣe ti ọ̀kadà. Ṣùgbọ́n ó sàn ju orí lásán lọ. Bí mo bá padà, màá wá ojúlówó ránṣẹ́."

Àbúrò kò sì fi í ṣeré. Bó bá ti ń jáde láàárọ̀, á dé e sórí. Bí èrò tó gbé bá ń lọ sí ìlú Awo tàbí Alájùẹ, ó wà lórí rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń bi í bóyá yìnyín ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ l'Ẹ́dẹ.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni pé aṣọ etí yẹn kì í jẹ́ kó gbọ́ràn, awò yẹn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ojú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, ló ń darí agboolé wa. Iwájú ilé ni wọ́n máa ń jókòó, lórí bẹ́ǹṣì, pẹ̀lú àwọn àgbà bíi tiwọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n pè mí.

"Ìyàwó."

"Bàbá." Mo kúnlẹ̀.

"Ọmọ rẹ ń fò mí kọjá bí ẹni fo gọ́tà. Mo kí i lánàá, kò dáhùn. Ṣé egúngún ló ń gbé kiri ni?"

Ọ̀kan nínú àwọn tó wà lọ́dọ̀ wọn ní, "Egúngún gan-an ń kí ènìyàn, Bàbá, bó bá fẹ́ gbowó." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kò sí ìkà nínú ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí bàbá àwọn ọmọ mi kú, Bàbá Àgbà yìí ló ń gbé àbúrò kọ́rùn lọ sí ilé kéú.

Nírọ̀lẹ́ tí mo sọ fún àbúrò, kò tíì bọ́ bàtà tó fi lọ dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá mi. Nǹkan yìí ló dí mi létí."

"N kò ní kí o má wọ̀ ọ́," ni Bàbá Àgbà wí. "Ṣùgbọ́n ọmọ tó de nǹkan mọ́rí tó ń kí àgbà, wọ́n á ní kò sẹ́ni tó kọ́ ọ."

Bẹ́ẹ̀ náà sì ni lọ́dọ̀ wa. Ọmọkùnrin tí kò ṣí fìlà kí àgbà, ilé rẹ̀ ni wọ́n ń bú. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti ń sún mọ́ agboolé wa, á fi ọwọ́ kan bọ́ ẹ́límẹ́ẹ̀tì, á fi kọ́ ọwọ́ ọ̀kadà, á wá tẹrí ba kí àwọn bàbá náà bó ti ń kọjá.

Mo ní, "Kí o dúró pátápátá kí o tó bọ́ ọ. Tàbí kí o kàn juwọ́ sí wọn."

"Màmá, ṣé Bàbá Àgbà ni màá máa juwọ́ sí bí ẹgbẹ́ mi? Àti pé ta ni yóò gbá mi lẹ́nu ọ̀nà ilé wa?"

Ọ̀sán kan ló ń ti Alájùẹ bọ̀. Mo wà nídìí máṣíìnì, mo gbọ́ dídún ọ̀kadà rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ariwo. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan ló já jáde láti ọ̀nà tóóró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ọwọ́ ọmọ mi kan ṣoṣo ló sì wà lórí ọ̀kadà. Etí gọ́tà ni orí rẹ̀ bà. Nígbà tí mo fi jáde, ọ̀kadà ti dùbúlẹ̀, ẹ́límẹ́ẹ̀tì ṣì so mọ́ ọwọ́ ọ̀kadà. Kò sí ibi tó sán lára ẹ́límẹ́ẹ̀tì náà. A kò tíì dé ọsibítù tí ọmọ mi fi dákẹ́.

Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n tì mí mọ́ yàrá pẹ̀lú àwọn obìnrin, nítorí ìyá kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Títí di òní n kò mọ ibẹ̀, n kò sì bèèrè.

Kí ẹ̀gbọ́n tó rí ọkọ̀ òfurufú wọ̀, ilẹ̀ ti gba àbúrò rẹ̀. Ó pè. Kò sunkún. Ó ní, "Màmá, ẹ́límẹ́ẹ̀tì yẹn ńkọ́? Ó fọ́?"

Mo ní, "Rárá, kò fọ́."

Ó ní, "Irú rẹ̀ ni mò ń pín lójoojúmọ́, Màmá. Èyí tó bá gba orí là, fífọ́ ló ń fọ́. Bí kò bá fọ́, a jẹ́ pé kò gba nǹkan kan. Mo mọ̀ pé ti yìnyín ni. Mo mọ̀, mo tún gbé e fún un. Èmi ni mo pa á."

Ó rò pé orí àbúrò rẹ̀ wà nínú ẹ́límẹ́ẹ̀tì náà. Gbólóhùn kan ni ì bá yọ ọ́ nínú ẹ̀bi náà: pé kò sí lórí àbúrò rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, yóò bèèrè ìdí. Àwọn obìnrin ilé ti bẹ̀ mí: Bàbá Àgbà kò jẹun dáadáa mọ́, ẹ̀gbọ́n sì gbóná láti kékeré, bó bá gbọ́, ilé yìí tú nìyẹn. Ta sì ni èmi, ìyàwó tí wọ́n fẹ́ wọlé, tí màá máa na ìka sí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi? Mo ń sọ fún un pé àmúwá Ọlọ́hun ni. Ó ń dáhùn pé, "Ẹ ṣeun, Màmá."

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ ló pè mí. "Màmá, ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní òun kò lè fọwọ́ kan àwọn nǹkan yẹn mọ́. Inú mọ́tò ló ń jókòó sí níta, nínú òtútù yìí, kì í fẹ́ wọlé. Kò jẹun, kò sọ̀rọ̀. Màmá, ẹ̀rù ń bà mí."

Mo ju sísọ́ọ̀sì tí mo fi ń gé aṣọ sílẹ̀. Mo lọ bá Bàbá Àgbà nínú yàrá wọn, mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, ọ̀kan ló kù fún mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún un pé kò sí lórí rẹ̀."

Wọ́n ti gbẹ, dàńṣíkí wọn ń fò lọ́rùn. "Yóò bi ọ́ pé kí ló dé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kí ni wàá wí?"

Mo wo ilẹ̀.

"Pè é," ni wọ́n wí, wọ́n na ọwọ́. "Kì í ṣe ẹnu ìyàwó ló yẹ kó ti gbọ́ irú èyí. Ẹnu mi ni kó ti gbọ́ ọ."

Mo pè é. Wọ́n gba fóònù, wọ́n fi díẹ̀ nínú oríkì ilé wa kì í, wọ́n dá a dúró láàárín. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. "Ọmọ mi, fetí sílẹ̀. Ohun tí o fún àbúrò rẹ kọ́ ló pa á. Ó ti bọ́ ọ kúrò lórí. Èmi ló ń kí. Èmi ni mo bínú nígbà kan pé kì í kí mi, ló fi ń bọ́ ọ. Ojú mi ló ṣe."

Mo ń retí èébú. Mo ti múra láti gba fóònù lọ́wọ́ wọn.

"Bàbá." Ohùn rẹ̀ kéré. "Kí ló wí?"

"Ó ní, 'Ẹ kúulẹ̀ o, Bàbá mi, àwọn ará Alájùẹ ní kí n kí yín.' Ó ń rẹ́rìn-ín."

"Ẹ dá a lóhùn?"

Bàbá Àgbà mi orí bí ẹni pé ọmọ náà ń rí wọn. "N kò ráyè dáhùn, ọmọ mi."

Nígbà náà ni ó bú sẹ́kún. Bó ṣe ń sunkún nígbà tó wà lọ́mọ ọdún díẹ̀, tí àbúrò rẹ̀ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Mo gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ nítòsí rẹ̀, kò ní kó dákẹ́. Omijé ń dà lójú Bàbá Àgbà náà, wọ́n gbé fóònù lé itan.

"Ìyàwó," ni wọ́n wí, "ìwọ ńkọ́?"

Mo mọ ohun tí wọ́n ń bèèrè, ìdáríjì ni. Mo wá a nínú ara mi, n kò rí i. N kò tíì rí i di òní, inú agboolé kan náà sì ni a jọ ń gbé.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan yìí kọ́kọ́ jẹun ná."

Wọ́n ní ó dáa. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn, à ń gbọ́ ẹkún ọmọ wa láti Kánádà, kò sì sí ẹni tó fẹ́ pa fóònù nínú wa.