Oje Èèpo Máńgòrò

Èèpo tí àwọn tó ń sá máńgòrò fún títà ń kó dànù ni Ìyá Onípara fi ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ti já a sílẹ̀ fún un, á fọ̀ ọ́, á sá a, á lọ̀ ọ́ kúnná, á wá rẹ ẹ́ sínú ọtí ilé iṣẹ́, irú èyí tí wọ́n máa ń ya egungun orí sí lára jálá rẹ̀. Ọtí náà á fa oje èèpo jáde, ìyá á sì gbé e kaná títí ọtí á fi gbẹ tán. Oje tó bá ṣẹ́ kù ló ń pò mọ́ ìpara. Òun ni kì í jẹ́ kí òróró inú rẹ̀ tètè kan. Òórùn ọtí ọ̀hún ti di ara ilé. Bí orí bá ń fọ́ ọ, á so gèlè le, á ní, “Iṣẹ́ ni.”

Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo wá bá a gbé pẹ̀lú oyún, nítorí iṣẹ́ ti gbé ọkọ rẹ̀ lọ sọ́nà jíjìn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìkòkò wà lórí iná, ìyá gbọ́ gbì! ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ti dákú sẹ́nu ilẹ̀kùn.

Bí wọ́n ṣe dé ilé ìwòsàn, ìyá ò lè sọ. Ibẹ̀ ló ti rí i pé bàtà ẹsẹ̀ òun ò bára mu. Nọ́ọ̀sì fetí sí ikùn aboyún náà, ó fetí sílẹ̀ títí, kó tó rẹ́rìn-ín.

“Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Ọmọ inú ń tasẹ̀ bí agbábọ́ọ̀lù. Ìyá rẹ̀ náà ti jí.”

Ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ láti gbé e dìde, ni òórùn ọtí tó wà lára aṣọ ìyá bá ta sí i nímú.

“Kí lẹ ń sè nílé, mà?”

Ìyá ṣàlàyé.

“Háà! Èéfín yẹn ò dáa fún aboyún. Kò dáa fún ẹ̀yin alára pàápàá.”

Ọjọ́ náà ni ìyá tilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ rẹ̀ pa. Iṣẹ́ tó fi tọ́ ọmọ nìyẹn, ọkàn rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní kẹ́mísìrì, wá kí wọn.

“Ẹ̀gbọ́n mi, gílísárìnì tí ẹ ń pò mọ́ ìpara ńkọ́?”

“Kí ló ṣe é?”

“Ẹ bomi là á. Òun náà máa ń fa oje èèpo. Kì í rùn, kì í ṣe èèyàn ní jàǹbá. Ẹ ò tiẹ̀ ní sè é gbẹ bíi ti ọtí. Tòun toje lẹ máa dà sínú ìpara.”

“O mọ èyí, o wá ń wò mí níran látọjọ́ yìí?”

“Ẹ ò bi mí rí. Mo ṣebí ẹ̀yin lọ̀gá.”

Ìyá ju àkísà ìnuwọ́ lù ú.

Èyí tó kọ́kọ́ ṣe ò ṣeé wò. Ó ki jù, kò kọjá nínú aṣọ ìsẹ́. Ó bomi sí i, ó wá ṣàn yàà, àmọ́ kò mú àwọ̀ kankan jáde. Inú bí i, ó fẹ́ dà á nù. Nígbà tó rò ó dáadáa, ó dín omi kù, ó gbé ìkòkò kékeré náà sínú omi gbígbóná kí iná má baà kan ìdí rẹ̀, ó ń fi ṣíbí rò ó jẹ́jẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun tó ń kán sínú ìgò pọ́n bí oyin.

Ó po ìpara méjì, ó fi oje sínú ọ̀kan, ó gbé méjèèjì sójú fèrèsé tí oòrùn ń pa. Kí oṣù oyún ọmọ rẹ̀ tó pé, èyí tí kò ní oje ti ń rùn. Ó ṣí èkejì, ó gbé e símú, ó tún gbé e símú, ó wá ké pe ọmọbìnrin rẹ̀.

“Wá bá mi gbóòórùn ẹ̀, kí n má baà máa tan ara mi jẹ!”

“Kò ṣe nǹkan kan, Màámi!”

Ìyá mí kanlẹ̀.

Ọmọbìnrin rẹ̀ bí wẹ́rẹ́. Ní báyìí, ẹ̀gbẹ́ tábìlì iṣẹ́ ni ọmọ tuntun máa ń sùn sí, tí ìyá àgbà á sì máa ro ìkòkò rẹ̀ lọ. Nígbà tí àbúrò wá kí wọn, ó gbé ọmọ náà, ó ń ṣàlàyé kẹ́mísìrì fún un, ni ìyẹn bá tọ̀ sí i láṣọ. Ìyá Onípara rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.